Ta lọ́rọ̀ ẹ̀rọ gàrí kàn?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ẹ̀rọ gàrí wa fi jókòó lábẹ́ páànù tuntun láìlọ gbágùúdá ẹnì kankan. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, adìyẹ kan wò ó pé kò sẹ́ni tó ń yọ òun lẹ́nu níbẹ̀, ló bá wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ, ó bá àpò tí wọ́n fi wé e wá níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sí i. Wẹ́dà wa ló ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ àǹfààní iṣẹ́ wa rèé o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Oníṣirò owó kan tó ń gbé Abùjá. Wẹ́dà ní Kàbà. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ abúlé náà gan-an. Àti èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́jà, tí mo máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Àjọ kan fún wa ní ìdajì owó, a dá ìdajì tó kù láàárín ara wa. Abúlé náà wà ní Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, lápá ọ̀nà Ìyàmòyè. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì fẹ́ máa jẹ iyán níbẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé. Ìwé tí a kọ orúkọ àwọn tọ́rọ̀ kàn sí, ọwọ́ mi ló ti jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi nínú ìtàn yìí, ẹ má wá a jìnnà.

Pálọ̀ Ọ̀gá Tíṣà ní Kàbà la jókòó sí lọ́jọ́ náà. Màmá yọ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá lára ògiri, wọ́n dà á délẹ̀, wọ́n ní ká kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. La bá bẹ̀rẹ̀: ọba, olóyè mẹ́ta, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, kánsẹ́lọ̀, pásítọ̀ méjì, lèmọ́mù, ìyálọ́jà, olórí àwọn ọ̀dọ́, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyàrà, àjọ tó fún wa lówó, àti àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Abùjá. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ wọn, inú mi dùn. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé gbogbo wọn ló ní oyè tàbí ipò, kò sì sẹ́ni kan nínú wọn tó ń bó gbágùúdá. Ìyálọ́jà pàápàá, aṣọ ló ń tà.

A gbé obì àti ọtí lọ sáàfin, a gbé màlítì lọ fún àwọn pásítọ̀ àti lèmọ́mù. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Àdúrà tí wọ́n gbà lé ẹ̀rọ yẹn lórí, ká ní ó ṣe é dà sínú táǹkì ni, a ò bá má ra bẹntiróòlù mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ ìṣíde, a lọ gbágùúdá àpò méjì lójú àwọn àlejò, wọ́n pàtẹ́wọ́, a jó, a ti ilẹ̀kùn, a sì ń retí àwọn obìnrin láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A retí wọn títí.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé mo kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n rán wa lọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí bí èèyàn ṣe ń darí iṣẹ́ àjọṣe. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ R. Edward Freeman, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó gbé ọ̀rọ̀ àwọn tọ́rọ̀ kàn jáde síta gbangba lọ́dún 1984. Bó ṣe là á kalẹ̀ ni pé ẹni tọ́rọ̀ kàn ni ẹnikẹ́ni tó lè ṣe iṣẹ́ náà ní nǹkan, tàbí tí iṣẹ́ náà lè ṣe ní nǹkan. Mo há a sórí, mo sì gba máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó ti kàlẹ́ńdà yẹn, ìdajì àkọ́kọ́ nìkan la lò. Ta ló lè dí wa lọ́wọ́? Ta ló máa bínú bí a ò bá kí i? Ìdajì kejì, ìyẹn àwọn tí àwa fúnra wa máa dí lọ́wọ́, kò wá sí wa lọ́kàn rárá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èdè wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn oníròyìn rédíò bá ní "àwọn tọ́rọ̀ kàn," ọ̀rọ̀ ló ń rìn níbẹ̀, òun ló ń lọ kan èèyàn. O lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé rẹ kí ọ̀rọ̀ rìn wá bá ọ. Àwa ń wá àwọn tó lè rìn wá bá ọ̀rọ̀.

Wọ́n tún kọ́ wa ní àwòrán onígun mẹ́rin kan tí wọ́n ń dárúkọ ọ̀mọ̀wé kan, Mendelow, mọ́. Agbára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ ẹni náà lógún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ẹni tó lágbára, tọ́rọ̀ sì jẹ lógún, ká máa bá a rìn. Ẹni tó lágbára tí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ lógún, ká má jẹ̀ẹ́ kínú bí i. Ẹni tó jẹ lógún tí kò lágbára, ká máa fi tó o létí. Ẹni tí kò ní méjèèjì, ká kàn máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Àwòrán náà dára, mi ò ní bú u. Àmọ́ kò lè fi ẹni tí o ò kọ orúkọ rẹ̀ hàn ọ́.

Orúkọ kan wà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ. Nínú pálọ̀ yẹn, àbúrò bèèrè pé, "Ẹlẹ́rọ ńkọ́?" Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pe bàbá tó ti ní ẹ̀rọ gàrí lábúlé láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn kíá: "Alátakò nìyẹn. Ṣé ẹni tó ń ta ẹ̀wà la máa lọ sọ fún pé a fẹ́ ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" A rẹ́rìn-ín, a sì kọjá.

Lẹ́yìn fọ́tò adìyẹ yẹn, mo gbéra lọ́jọ́ Sátidé kan ní ìdájí. Mi ò yà sí ṣẹ́ẹ̀dì wa. Ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rọ ni mo gbà lọ.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára ló yí ìlù ẹ̀rọ náà ká, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, ariwo rẹ̀ sì lè jí òkú. Obìnrin mọ́kànlá ló tò síbẹ̀ pẹ̀lú báàfù. Kò sẹ́ni tó mú owó dání. Bí wọ́n bá ti lọ ti ẹnì kan tán, Ẹlẹ́rọ á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á fa ìwé kan yọ láti abẹ́ òrùlé. Ìwé ọmọléèwé lásán ni, èyí tí wọ́n tẹ ìṣirò sẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Báàfù kan, ìlà kan. Àpò tó bá yá lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi di gbágùúdá sábẹ́ jáàkì, ó ń ya òbíríkítí kékeré fún un. Kò kọ orúkọ sí ojú ewé kankan. Àmì ló fi dá wọn mọ̀, ẹja fún ọ̀kan, ìkòkò fún òmíràn. Màmá kan tí kò mọ̀wé rárá na ọrùn wo tirẹ̀, ó ní, "Mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́rin." Bàbá wò ó, ó ronú díẹ̀, ó fi itọ́ tutù ìka, ó sì nu ìlà kan kúrò. Wọn ò jiyàn. Ọjọ́ ọjà, nígbà tí wọ́n bá ti ta gàrí tán, ni kálukú máa wá san tirẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀ títí oòrùn fi mú. Mo wá rántí pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì wa: OWÓ LỌ́WỌ́ KÍ IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀. Èmi ni mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí rẹ̀ kó lè rẹwà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ò dá gàrí rí. Bí wọ́n bá ti fa gbágùúdá tu, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Kò ní dúró de owó. Obìnrin tó ra oko gbágùúdá lórí ìdúró ti kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sínú oko yẹn. Kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí gàrí yóò fi dé ọjà. Nítorí náà, pé tiwa dín owó kù ju ti Ẹlẹ́rọ lọ, kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹlẹ́rọ ni báńkì wọn, a sì wá kọ́ báńkì tí kì í yáni lówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ariwo ẹ̀rọ dákẹ́, bàbá wò mí.

"Ìwọ wà lára àwọn tó ni ẹ̀rọ tuntun yẹn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀rọ tó dáa ni. Ṣé ẹ ti bi í bóyá ó lè dúró de ọjọ́ ọjà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú pé a ò wá kí wọn. Wọ́n ní, "Ó ti tán," lọ́nà tí àgbà fi ń sọ ọ́ nígbà tí kò tíì tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú kíkọ orúkọ. Gbágùúdá ni mo ń tẹ̀ lé. Èmi àti àbúrò bẹ̀rẹ̀ láti oko, a rìn lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi di gàrí, ibikíbi tó bá ti bọ́ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, a dúró. Bí Nàìjíríà ṣe jẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń gbin gbágùúdá jù lágbàáyé, tí ìpínlẹ̀ Kogí sì wà lára àwọn tó ń ṣíwájú, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ọwọ́ tó ń kàn án pọ̀ ju mẹ́rìnlá lọ. Ó yà wá lẹ́nu.

Ẹ wo ọwọ́ àkọ́kọ́ ná. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbágùúdá abúlé yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà tó ń dáko lẹ́yìn ìlú ló ti ń wá. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ wọn gbọ́ èdè wa ju àwọn ọmọ tiwa tó wà l'Abùjá lọ. A ò kọ wọ́n torí pé a kì í pè wọ́n ní ọmọ ìlú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́kadà tó ń kó o. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń bó o: àwọn ìyá àgbà àti àwọn ọmọbìnrin tó ti iléèwé dé, iye báàfù tí wọ́n bá bó ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn. Ẹ̀rọ tó bá yára jù á bù kún iṣẹ́ tiwọn, èyí sì dùn mọ́ wọn. Àwọn onígi ìdáná. Àwọn tó ń sẹ́ ẹ. Àwọn tó ń yan án, tí èéfín ti sọ ojú wọn di pupa. Àwọn tó ń wá rà á láti Òmùò lẹ́nu ààlà Èkìtì.

Lẹ́yìn náà ni a wá wo ohun tí kì í di gàrí. Gbágùúdá tútù kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń mú gàrí kílò kan wá. Ìyókù, èèpo ni, omi ni. Ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ? Èèpo kò le. Ọkùnrin kan wà tó ń kó ti ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rọ lọ sá sóòrùn fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀; ó bi wá bóyá tiwa náà máa tó o, orúkọ kan nìyẹn. Omi ló le.

Ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì wa, bí ìṣísẹ̀ ọgọ́rin, odò kékeré kan wà. Wẹ́dà ló la gọ́tà síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ dà sí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, màmá kan wà níbẹ̀ tó ká aṣọ dé orúnkún, tó ń fọ irú. Mo kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọn ò gbójú sókè. Mo bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gàrí yẹn ti dé etí wọn.

"Ọjọ́ tí ẹ jó yẹn," ni wọ́n wí, "mi ò rí irú fọ̀."

Omi àpò méjì tí a lọ̀ fún àwọn àlejò ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Irú tí wọ́n ti sè mọ́jú wà nínú agbada, omi odò funfun bí ẹ̀kọ, ó ń rùn. Omi tí wọ́n fún lára gbágùúdá máa ń kan, ó sì ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè má dìde mọ́. Màmá ru irú wọn lọ sí odò kejì, tó jìnnà dáadáa. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tí a máa tún jó.

Ibi tí mo ti bá àwòrán onígun mẹ́rin yẹn jà nìyẹn. Bí a bá fi agbára wọn màmá yìí, igun ẹ̀gbẹ́ ojú la máa fi wọ́n sí. Lọ́dún 1997, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan, Mitchell, Agle àti Wood, kọ̀wé pé agbára nìkan ò tó wò. Kí a tún bi í bóyá ẹni náà ní ẹ̀tọ́, àti bóyá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú. Màmá onírú ò ní agbára kankan lórí wa. Ṣùgbọ́n odò náà ti jẹ́ tiwọn kí a tó bí mi, irú tí wọ́n sì sè mọ́jú kò lè dúró de ìpàdé wa tó ń bọ̀.

A pe ìpàdé tuntun, ọ̀tẹ̀ yìí inú ṣẹ́ẹ̀dì ni, lórí sìmẹ́ńtì. Wẹ́dà fi èédú ya igun mẹ́rin sílẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà ní ká má kọ nǹkan kan, kí àwọn tí kò mọ̀wé má bàa di àlejò nínú ọ̀rọ̀ ara wọn. Kí kálukú mú nǹkan wá. Wọ́n gbé òkúta kalẹ̀ fún ọba, àgádágodo fún àwa tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, èèpo gbágùúdá fún àwọn abógbágùúdá, ẹyọ irú mẹ́ta fún màmá onírú. Ìṣó tó ti wọ́ ni Ẹlẹ́rọ. Àbúrò fi í sí igun àwọn tí kò lágbára. Ìyá àgbà kan dìde láìsọ̀rọ̀, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ọba. Kò sẹ́ni tó gbé e padà. Fún kánsẹ́lọ̀, wọ́n fi ọmọrí ìgò kan sí i, ọmọ kan sì fi í ṣeré lọ. Mi ò rí ẹni tó wá a.

Ìyá àgbà yẹn náà ló bi wá léèrè pé, "Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣé ohun kan náà lẹ fẹ́ ni?" Ó ní àgádágodo kan ò tó wa. A wá mú ẹ̀kùrọ́ mẹ́fà. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ẹ̀gbọ́n ti ṣèlérí fún àna rẹ̀ pé òun ló máa máa wa ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ "alátakò" tó sọ lọ́jọ́sí wá yé mi. A pariwo lé ara wa lórí fún bí wákàtí kan, mi ò ní gbé e síbí. Ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́, àmọ́ kì í pè mí mọ́ àfi tó bá kan owó.

A pa pátákó mi rẹ́. A gbẹ́ kòtò, a kó òkúta sí i, a darí gọ́tà síbẹ̀. Ẹlẹ́rọ gbà láti máa bójú tó ẹ̀rọ wa pẹ̀lú tirẹ̀, ní àdéhùn pé ìwé rẹ̀ ni a máa lò, kì í ṣe tiwa. Oníṣirò owó ò sùn lóru ọjọ́ tó rí ìwé náà. Àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wá, torí ọjọ́ ọjà wọn la tún lọ fi ìpàdé sí. Èmi ni mo mú ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ti tò pẹ̀lú báàfù. Ẹlẹ́rọ ti bu epo sí i. Ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, sáré dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle.

"Ànńtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́rin."

"Kí ló ku ọjọ́ mẹ́rin?"

Ó nawọ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Adìyẹ náà ti sàba, ojú rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn. Ọmọ náà mú wa lọ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ti fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ẹlẹ́rọ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́tàdínlógún ni," ni bàbá wí. "Ó ku mẹ́rin lóòótọ́."

Wọ́n yíjú sí àwọn obìnrin, wọ́n ní kí wọ́n gbé gbágùúdá wọn wá sábẹ́ máńgòrò fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n fa ìwé yọ, wọ́n bi ọmọ náà pé àmì wo ló fẹ́ kí wọ́n máa fi dá tirẹ̀ mọ̀.

Nínú ẹyin mẹ́sàn-án, méje ló pa.